Ẹ Dán Linux Wò Kí Ẹ Tó Ta Láptọ́ọ̀pù Yín

Ẹ̀yin òbí tó ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ fún ọmọ tó wọ yunifásítì, ẹ̀yin olùkọ́ tó ń fi ẹ̀rọ àtijọ́ tẹ ìbéèrè ìdánwò, ẹ̀yin oníṣòwò tó ń fi kọ̀ǹpútà kọ rìsíìtì àti gbèsè oníbàárà, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kan àpò yín, ó kan ààbò yín, ó sì kan ẹ̀tọ́ yín lórí ohun tí ẹ fowó ara yín rà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ mi tán.

Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni iléeṣẹ́ Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ dúró lórí Windows 10, ètò tó ń darí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tó wà lọ́wọ́ wa. Wọ́n fi àfikún ọdún kan sílẹ̀ fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ nílé rẹ̀, ìyẹn sì parí sí ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2026. Lẹ́yìn ìyẹn, bí àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì bá rí ihò tuntun nínú Windows 10, kò sí ẹni tó máa bá onílé dí i. Ẹ̀rọ náà yóò ṣì máa tàn, orin yóò ṣì máa dún lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi í wọ inú àkáǹtì báńkì rẹ̀ ń fi owó ara rẹ̀ wewu.

Ìmọ̀ràn tí ẹ máa gbọ́ káàkiri ni pé kí ẹ bọ́ sórí Windows 11. Ó rọrùn lẹ́nu, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ni Windows 11 ń gbà. Ó fẹ́ ẹ̀yà ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, bó bá sì jẹ́ Intel ló wà nínú ẹ̀rọ, ó fẹ́ kó jẹ́ ìran kẹjọ sókè. Ẹ wo HP EliteBook 840 G3, ẹ wo Dell Latitude E7450, ẹ wo Lenovo ThinkPad T450, irú àwọn tí wọ́n ń tò sórí tábìlì ní Computer Village ní Ìkẹjà. Ìran karùn-ún àti ìkẹfà ni wọ́n. Wọ́n lágbára, bọ́tìnnì wọn nípọn, ara wọn le, síbẹ̀ Windows 11 kò kà wọ́n kún. Àwọn kan ń fi ọgbọ́n àyínìke gbé e sórí wọn, ṣùgbọ́n Microsoft ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé àwọn kò ṣèlérí pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ yóò máa rí àtúnṣe gbà.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀? Àwọn èèyàn ń ta láptọ́ọ̀pù tó dára ní owó pọ́ọ́kú, wọ́n ń yáwó ra òmíràn. Àwọn mìíràn ń wá Windows ayédèrú kiri, wọ́n ń fi irinṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ baba rẹ̀ ṣí i, wọ́n sì ń gbé vairọ́ọ̀sì wọlé pẹ̀lú rẹ̀. Èyí tí kò bá sì rí ẹni rà á nínú àwọn ẹ̀rọ náà, ààtàn ló ń gbà lọ, bóyá Ọlúsósùn ní Ojótà, bóyá ibi tí wọ́n ti ń sun wáyà lẹ́yìn ọjà láti yọ bàbà inú rẹ̀. Òjé wà nínú ẹ̀rọ yẹn. Èéfín rẹ̀ ń wọ inú àwọn ọmọ wa.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò le. Kí ẹ tó ta ẹ̀rọ yẹn, kí ẹ tó jù ú nù, ẹ dán Linux wò lórí rẹ̀.

Linux kì í ṣe ohun àjèjì sí yín. Lọ́dún 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní Finland, kọ ọkàn ètò kan tó ń darí kọ̀ǹpútà, ó sì gbé e síta fún gbogbo ayé. Ṣáájú rẹ̀, láti ọdún 1983, Richard Stallman ní Amẹ́ríkà ti kéde iṣẹ́ kan tó pè ní GNU, èrò rẹ̀ sì ni pé ẹni tó ni kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti lo ètò inú rẹ̀ bó ṣe wù ú, láti mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, láti tún un ṣe, àti láti fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀dà rẹ̀. Iṣẹ́ àwọn méjèèjì pàdé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì ti fọwọ́ kún un láti ìgbà náà. Fóònù Android tó wà lápò yín, ọkàn Linux ló ń lò. Gbogbo kọ̀ǹpútà 500 tó lágbára jù láyé ló ń lo Linux láti oṣù kọkànlá ọdún 2017. Ní Íńdíà, ìpínlẹ̀ Kerala ti ń fi í kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ìjọba fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní Faransé, iléeṣẹ́ ọlọ́pàá tí wọ́n ń pè ní Gendarmerie ń lò ó lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà. Ní ọdún 2024, ìpínlẹ̀ Schleswig-Holstein ní Jámánì kéde pé àwọn máa kó 30,000 kọ̀ǹpútà ìjọba kúrò lábẹ́ Microsoft. Bí àwọn tó lówó bá ń sá fún ìnáwó tí kò pọn dandan, kí ló dé tí àwa ò ní sá fún un?

Oríṣiríṣi ni Linux, orúkọ wọn sì pọ̀: Ubuntu, Debian, Fedora, Zorin àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ dààmú yín. Fún ẹni tí Windows ti mọ́ lára, èyí tí mo máa kọ́kọ́ nawọ́ sí ni Linux Mint. Ojú rẹ̀ jọ ohun tí ẹ ti mọ̀: bọ́tìnnì kan wà ní igun ìsàlẹ̀ lápá òsì tó ń ṣí gbogbo ètò, aago wà lápá ọ̀tún, fáìlì yín wà nínú àpò wọn. Linux Mint 22, tó jáde ní ọdún 2024, yóò máa rí àtúnṣe ààbò gbà títí di ọdún 2029. Ẹ̀rọ tó ní RAM 2GB lè gbé e, àmọ́ 4GB ló máa tẹ́ yín lọ́rùn. Bí RAM yín bá tó 4GB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ mú èyí tí wọ́n ń pè ní Cinnamon. Bí kò bá tó, ẹ mú Xfce, torí pé ó fúyẹ́.

Kò sí ọlọ́gbọ́n tó máa ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ láìkọ́kọ́ wà á yí àdúgbò ká. Àǹfààní kan náà ni Linux fún yín. Ẹ lè lò ó láti orí fíláàṣì, kí ẹ fi í wo íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fi í tẹ lẹ́tà, kó máà sì fọwọ́ kan ohunkóhun nínú ẹ̀rọ yín. Bí kò bá wù yín, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ fíláàṣì, Windows yín wà níbi tó wà.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí. Ẹ wá fíláàṣì tó tó 8GB, tí kò sí ohun tí ẹ nílò lórí rẹ̀, torí pé gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ló máa parẹ́. Ẹ lọ sí linuxmint.com, ẹ gba fáìlì Linux Mint níbẹ̀, ó tó 3GB tàbí kó dín díẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti gbà á, kì í ṣe lórí ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ kò mọ̀. Kódà ní oṣù kejì ọdún 2016, àwọn kan já wọ ojúlé Linux Mint fúnra rẹ̀, wọ́n sì fi fáìlì tó léwu pààrọ̀ èyí tó dára fún ìgbà díẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sọ fún gbogbo èèyàn pé kí wọ́n fi nọ́ńbà àyẹ̀wò tí wọ́n kọ síbẹ̀ yẹ fáìlì wọn wò kí wọ́n tó lò ó. Àlàyé bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò wà lórí ojúlé kan náà. Bí dátà bá wọ́n, kí ẹnì kan gbà á fún gbogbo àdúgbò. Kò lòdì sófin. Àṣẹ wà nínú ìwé àdéhùn rẹ̀ pé kí ẹ ṣe ẹ̀dà, kí ẹ sì pín in.

Kì í ṣe kí ẹ kàn da fáìlì náà sórí fíláàṣì bí ẹní da orin o. Ẹ gba ètò kékeré kan tó ń jẹ́ balenaEtcher, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ fi fáìlì náà hàn án, ẹ fi fíláàṣì hàn án, ẹ sọ fún un pé kó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì ní sùúrù títí tó fi máa parí. Lẹ́yìn náà, ẹ pa láptọ́ọ̀pù tí ẹ fẹ́ dán wò, ẹ fi fíláàṣì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ tàn án. Bó ṣe ń tàn ni kí ẹ máa tẹ bọ́tìnnì tó máa jẹ́ kí ẹ yan ibi tó ti máa gbéra. Lórí Dell àti Lenovo, F12 ni lọ́pọ̀ ìgbà. Lórí HP, ẹ tẹ Esc, kí ẹ wá tẹ F9. Orúkọ fíláàṣì yín yóò wà lára ohun tó máa tò síbẹ̀. Òun ni kí ẹ mú.

Ojú dúdú kan yóò yọ, ẹ ó rí “Start Linux Mint” níbẹ̀. Ẹ tẹ Enter. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀, nítorí orí fíláàṣì ni gbogbo rẹ̀ ti ń bọ̀, kò sì lè yára bí ìgbà tó bá wà nínú ẹ̀rọ. Nígbà tó bá tàn tán, ẹ ó rí àwòrán kan tí wọ́n kọ “Install Linux Mint” sí lábẹ́. Ẹ má fọwọ́ kàn án ná. Ẹ kọ́kọ́ yẹ ara ẹ̀rọ wò. Ṣé Waifáì rẹ̀ rí fóònù yín? Ẹ ṣí Firefox, ẹ fi fídíò kan sí i, ṣé ohùn ń jáde? Ṣé ìmọ́lẹ̀ ojú ẹ̀rọ ń lọ sókè sódò? Kámẹ́rà ńkọ́? Ẹ so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ ọn, ẹ tẹ ojú ìwé kan. Ẹ pa á dé, kí ẹ tún ṣí i, ṣé ó jí? Bó bá jẹ́ Waifáì ni kò ṣiṣẹ́, ẹ fi okùn so fóònù yín mọ́ ẹ̀rọ, kí ẹ fún un ní íntánẹ́ẹ̀tì láti ibẹ̀, kí ẹ sì ṣí ibi tí wọ́n kọ “Driver Manager” sí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń rí ohun tí Waifáì náà fẹ́.

Ẹ má kánjú. Ẹ lò ó bẹ́ẹ̀ ní alẹ́ bíi mélòó kan. Ìgbà tó bá tẹ́ yín lọ́rùn ni kí ẹ tó sọ ọ́ di onílé.

Ọjọ́ tí ẹ bá máa gbé e wọlé pátápátá, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ kó fọ́tò ìgbéyàwó, ìwé ẹ̀rí, èsì WAEC ọmọ àti ìwé iṣẹ́ yín sórí háàdì dísìkì mìíràn, kí ẹ sì ṣí wọn níbẹ̀ láti rí i pé wọ́n pé. Bí Windows yín bá ní BitLocker, ìyẹn ààbò tó ń fi kọ́kọ́rọ́ ti fáìlì inú ẹ̀rọ pa, ẹ kọ kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà rẹ̀ sílẹ̀ sínú ìwé kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ lè rí i pé ẹ̀rọ ti tì yín mọ́ta. Ẹ so láptọ́ọ̀pù mọ́ iná, kí bátìrì má bàa kú sí yín lọ́wọ́ láàárín iṣẹ́.

Ìgbà yìí ni kí ẹ wá tẹ àwòrán “Install Linux Mint” náà. Ó máa bi yín ní èdè, ó máa bi yín ní ìlú, ẹ ó sì rí Lagos lórí àwòrán ayé fún aago wa. Ibi tí ẹ ti gbọ́dọ̀ la ojú ni ibi tó ti máa bi yín bí ẹ ṣe fẹ́ kó wọlé. Bí ẹ bá mú èyí tó ní “alongside”, Linux yóò bá Windows gbé pọ̀, ẹ ó sì máa yan èyí tó wù yín nígbàkígbà tí ẹ bá tan ẹ̀rọ. Bí ẹ bá mú “Erase disk”, gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ ló máa lọ, Windows, fáìlì, fọ́tò, tí kò ní padà wá. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe kó jókòó tì yín.

Ohun tí ẹ máa rí nínú rẹ̀ pọ̀. LibreOffice wà níbẹ̀ fún lẹ́tà àti ìṣirò, ó sì ń ṣí fáìlì Word àti Excel. Firefox wà níbẹ̀, torí náà gbogbo ohun tí ẹ ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìbáà jẹ́ báńkì, ìbáà jẹ́ ojúlé JAMB, ìbáà jẹ́ WhatsApp, ẹ ó máa ṣe é lọ. Ẹ rántí vairọ́ọ̀sì tí fíláàṣì máa ń kó bọ̀ láti bisinẹẹsi séńtà, èyí tó ń sọ gbogbo fáìlì di ṣọ́ọ́tìkọ́ọ̀tù. Windows ni wọ́n kọ ọ́ fún, kò rí ibi dúró lórí Linux. Èyí kò ní kí ẹ máa tẹ ohun gbogbo tí àjèjì bá fi ránṣẹ́ o. Gbájúẹ̀ tó ń bèèrè páswọ́ọ̀dù yín kò bìkítà nípa irú kọ̀ǹpútà tí ẹ ń lò. Ti dátà tún wà níbẹ̀. Linux Mint máa ń sọ fún yín pé àtúnṣe dé, ó máa ń fi ìwọ̀n rẹ̀ hàn yín, àmọ́ kì í gbé e wọlé títí ẹ ó fi fọwọ́ sí i. Dátà yín kò ní parẹ́ nígbà tí ẹ bá ń sùn.

Ohun kan tún wà tó dùn mọ́ mi nínú púpọ̀. Nínú àkójọ àtẹ bọ́tìnnì tó wà nínú Linux, ẹ ó rí Yorùbá lábẹ́ Nàìjíríà. Ẹ ò ní san kọ́bọ̀, ẹ ò ní wá ètò mìíràn kiri kí ẹ tó lè tẹ ẹ, ọ àti ṣ pẹ̀lú àmì tó yẹ. Ẹ̀yin olùkọ́ Yorùbá tó ń fi bírò fa àmì ohùn sórí ìbéèrè ìdánwò lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tán, iṣẹ́ yẹn ti tó gẹ́ẹ́. Ẹ̀yin ará wa ní Kétu àti Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, tí ẹ ń fi Faransé ṣiṣẹ́, ẹ lè sọ gbogbo ojú rẹ̀ di Faransé, kí ẹ sì máa fi àtẹ Yorùbá tẹ èdè wa lórí ẹ̀rọ kan náà.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ni mo ń sọ fún pé kó kó kúrò lórí Windows lónìí. Ẹ̀yin atẹ̀wé ní Ṣómólú, tí CorelDRAW jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ yín, ẹ fi ẹ̀rọ iṣẹ́ yín sílẹ̀ bó ṣe wà. CorelDRAW kò ní ẹ̀dà tó wà fún Linux lónìí, bẹ́ẹ̀ náà ni Photoshop. Inkscape àti GIMP tó lè rọ́pò wọn dára, ọ̀fẹ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ lò wọ́n gbọ́dọ̀ jókòó kọ́ wọn, oníbàárà kò sì ní dúró de yín. Ọmọ tó ń fi ètò ìgbáradì JAMB tí wọ́n ṣe fún Windows nìkan kàwé, kó ṣe ìdánwò rẹ̀ tán ná. Akọ̀wé tó ń bá ọ́fíìsì mìíràn pààrọ̀ fáìlì Word tó ní tábìlì àti àtò tó le, kó kọ́kọ́ ṣí mélòó kan lórí LibreOffice láti orí fíláàṣì, kó wò ó bóyá àtò rẹ̀ yẹ̀. Fún irú àwọn wọ̀nyí, kí Linux àti Windows jọ gbé inú ẹ̀rọ kan ló dára jù, tàbí kí wọ́n fi Linux sórí ẹ̀rọ kejì. Mi ò fẹ́ kí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni bàjẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ mi.

Ẹ̀yin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìkẹjà, ní Ìbàdàn, ní Akúrẹ́, ní Òṣogbo, ọwọ́ yín ni èyí tó pọ̀ jù wà. Bí oníbàárà bá gbé láptọ́ọ̀pù tí Windows 11 kọ̀ wá, ẹ má kàn sọ fún un pé kó lọ ra tuntun. Ẹ fi Linux hàn án láti orí fíláàṣì, ẹ jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ọ̀fẹ́ ni Linux, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ yín kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹ gba owó iṣẹ́ yín. Àǹfààní ni fún yín, kì í ṣe ìdíwọ́.

Ẹ̀yin òbí, ní ìpàdé òbí àti olùkọ́ tó ń bọ̀, bí wọ́n bá dá owó kọ̀ǹpútà tuntun, ẹ béèrè ohun tó ṣe àwọn ti tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ pé Windows nìkan ló kọ̀ wọ́n, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ dán Linux wò lórí méjì nínú wọn kí ẹ tó san owó náà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó mọ iṣẹ́ yìí, ẹ ran àwọn àgbà àdúgbò yín lọ́wọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ̀yin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston tí ẹ ń fi láptọ́ọ̀pù àlòkù ránṣẹ́ sílé, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá Windows 11 gbà á. Bí kò bá gbà á, ẹ gbé Linux Mint sórí rẹ̀ níbẹ̀, níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti yá, kí ẹ fi àtẹ Yorùbá sí i, kí ẹ tó fi ránṣẹ́.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní láptọ́ọ̀pù tó ṣì ń tàn, tí ojú rẹ̀ mọ́, tí bọ́tìnnì rẹ̀ pé, kò ní ẹ̀rọ tó kú lọ́wọ́. Microsoft ló dẹ̀yìn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yin ò ní láti dẹ̀yìn. Ẹ wá fíláàṣì kan lọ́sẹ̀ yìí, ẹ gbé Linux sí i, ẹ dán an wò nílé yín. Bó bá ṣiṣẹ́ fún yín, ẹ gbé fíláàṣì náà fún aládùúgbò yín lọ́jọ́ kejì.